Ìyá Wọ́ọ̀dù àti Àgádágodo Tí Mo Rà

Lọ́jọ́ tí a sin ìyá àgbà mi, ẹni mẹ́fà ló dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì láti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, òótọ́ sì ni gbogbo wọn sọ. Wọ́n ní aláàánú ni. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ lára aláìsàn. Wọ́n ní kò sí ilé tó burú jù fún un láti wọ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ àgádágodo. Èmi náà kò dárúkọ rẹ̀, nítorí ẹ̀rù ń bà mí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù kì í ṣe àlejò lára mi láti kékeré. Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ rẹ̀ níbí, kí ọkàn mi lè fúyẹ́.

Ìyé là ń pè é nínú ilé, bí àwa ará Èkìtì ṣe ń pe ìyá. Níta, Ìyá Wọ́ọ̀dù ni gbogbo Àfàò, àdúgbò wa ní Ìkẹ́rẹ́, mọ̀ ọ́n sí, nítorí pé ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ilé ìwòsàn. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì o. Òun ló ń fọ ilẹ̀ wọ́ọ̀dù, òun ló ń da póò, òun ló ń wẹ àwọn tí kò lè dìde. Ìgbàrà-Odò ni wọ́n bí i sí, Ìkẹ́rẹ́ ló lọ́kọ sí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Ó ra bàkẹ́tì aláwọ̀ ewé kan, ó ń ti ilé bọ́ sí ilé, ó ń wẹ àwọn arúgbó tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀. Màmá mi, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti kú nígbà tí mo ṣì kéré, nítorí náà ọ̀dọ̀ Ìyé ni mo dàgbà sí. Kò sí òórùn kankan nínú ayé mi tó pẹ́ tó òórùn òrí àti ọṣẹ lára aṣọ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tó jẹ́, ẹ̀ bá ti rí bó ṣe ń wọ yàrá aláìsàn. Kì í kọ́kọ́ kí ọmọ onílé. Aláìsàn ló ń kọ́kọ́ kí, ì báà jẹ́ pé onítọ̀hún kò lè fọhùn. Yóò gbé bàkẹ́tì kalẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ yóò fi wà níbi tí ojú ẹni náà wà, yóò ní, "Mo dé o. Ṣé ká wẹ̀ lónìí?" Bí onítọ̀hún bá mirí pé rárá, yóò gbé bàkẹ́tì rẹ̀, ó di ọ̀la. Àwọn ọmọ onílé a máa bínú. Wọ́n á ní àwọn ló pè é, àwọn ló mọ̀ pé bàbá àwọn ń rùn. Ìyé yóò ti bọ́ sí ọ̀nà ilé.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa tí à ń pè ní Bàbá Tísà, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú un lápá kan, ẹnu rẹ̀ sì wọ́, àmọ́ ẹnu wíwọ́ náà ṣì bú ènìyàn dáadáa. Ńṣe ni àwọn ará ilé rẹ̀ máa ń dì í mú wẹ̀: ẹni méjì lápá, ẹnì kan lẹ́sẹ̀, òun náà yóò sì máa gbé wọn ṣépè. Nígbà tó sú wọn, wọ́n ránṣẹ́ pe Ìyé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Bàbá Tísà ju ife tíì lù ú. Ìyé ṣa ife, ó gbé e sórí tábìlì, ó jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere, ó wá lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Lọ́jọ́ kẹta ló bi í léèrè pé kí ló dé tí kò fẹ́ wẹ̀. Ó pẹ́ kí bàbá náà tó lè to ọ̀rọ̀ jọ. Ó ní òun kò kọ ìwẹ̀. Ohun tí òun kọ̀ ni kí wọ́n ṣí fìlà lórí òun níwájú ìyàwó ọmọ òun, kí wọ́n sì máa wẹ òun nígbà tí ìròyìn àárọ̀ ń lọ lórí rédíò. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, ìròyìn yóò kọ́kọ́ parí, ìyàwó ọmọ yóò bọ́ síta, Ìyé yóò wá wẹ Bàbá Tísà láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, fìlà yóò sì wà lórí gbọin. Nígbà mìíràn fìlà náà a máa rin gbingbin. Mo rí i lọ́jọ́ kan, mo bú sẹ́rìn-ín. Ìyé kò bá mi rẹ́rìn-ín.

"Ara rẹ̀ ni, Àbẹ̀kẹ́," ló wí. "Àlejò ni mí níbẹ̀."

Èmi náà wá lọ kọ́ṣẹ́ ìlera, mo gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n gbà mí sí ilé ìlera kékeré kan ní ọ̀nà Emùré, mo sì gbọ́n ju Ìyé lọ fún bí ọdún méjì. Lákòókò ọgbọ́n mi yìí ni mo lọ wo ìyá arúgbó kan tó ní egbò lẹ́sẹ̀. Ìyé wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń tún bẹ́ẹ̀dì ṣe. Mo wọ aṣọ iṣẹ́ mi tó le kakaraka, mo dúró lápá ọ̀tún bẹ́ẹ̀dì, ọmọ ìyá náà dúró lápá òsì, mo ń bi í ní ìbéèrè: Ṣé ó jẹun? Ṣé ó yàgbẹ́? Ṣé ó ń sùn lóru? Ìyá náà dùbúlẹ̀ sáàárín wa, ojú rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń bọ̀ sósì. Nígbà tí a dé ìkòríta, Ìyé dúró.

"Mo rí ọ bí o ṣe dúró," ló wí. "Bí ẹni tó ń ná ewúrẹ́. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló kù tó ò tíì là wo eyín."

A jà. Mo ní kò ka ìwé tí mo kà, òun náà sọ èyí tí mi ò ní kọ síbí. Odidi ọ̀sẹ̀ kan la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Iyán ló parí ìjà náà, torí odó wa ń fẹ́ ọmọ odó méjì.

Mo ní ẹ̀rù kì í ṣe àlejò lára mi. Láti kékeré, bí òjò ńlá bá ń rọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, ohun tí mo máa ń rò ni pé òkúta Olósùnta yóò yí, yóò sì wá bá wa nínú ilé. N ó sá sábẹ́ tábìlì. Ìyé kì í fà mí jáde, kì í sì í sọ fún mi pé kò sí nǹkan. Yóò gbé àwo oúnjẹ mi wá sórí ilẹ̀, yóò tẹ̀ ba kó lè rí mi, yóò ní, "Bó bá ṣe pé yóò yí ni, yóò ti yí ká tó bí ọ. Jẹun, mo ń ṣọ́ ọ."

Òun fúnra rẹ̀ kò bẹ̀rù ejò, kò bẹ̀rù òkú, kò bẹ̀rù olówó. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù: ilẹ̀kùn tí a tì láti ìta. Títí dé balùwẹ̀ wa, kì í jẹ́ kí a fi nǹkan dá ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo dàgbà kí n tó gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ní ilé ọkùnrin ńlá kan ni. Orí ìyá ọkùnrin náà ti dàrú, ó máa ń sọ̀rọ̀ kátikàti, ó sì máa ń bọ́ aṣọ níwájú ènìyàn, nítorí náà, bí wọ́n bá ń retí àlejò, ńṣe ni wọ́n ń tì í mọ́ yàrá tí wọ́n ń kó iṣu sí. Ọjọ́ ìkómọ kan ni Ìyé lọ wẹ̀ ẹ́. Pálọ̀ kún fún àlejò. Ó gba ẹ̀yìn wọlé, ó rí i pé wọ́n ti yàrá náà ní ìta, ó sì gbọ́ ìró kan tó rọra ń lọ, ràà, ràà, lára pákó ilẹ̀kùn. Èékánná ìyá náà ni. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí ìṣó. Ìyé ṣílẹ̀kùn, ó wẹ ìyá, ó wọ̀ ọ́ ní bùbá àti ìró funfun, ó wé gèlè fún un, ó bi í bóyá ó fẹ́ rí ọmọ tuntun. Ìyá ní òun fẹ́. Ìyé dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n jùmọ̀ rìn wọ pálọ̀, ó fi í jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pásítọ̀. Ìyá na ọwọ́, ẹnì kan gbé ọmọ lé e lápá, ó sì gbé ọmọ náà dáadáa bí ẹni tí orí rẹ̀ pé.

Àwọn onílé náà kò dárí jì í. Títí ọkùnrin náà fi kú, wọn kò kí Ìyé mọ́, bí wọ́n bá pàdé lọ́nà wọ́n á wo ọ̀run. Bọ̀ọ̀dá Bùsúyì, àkọ́bí Ìyé, tó ń gbé ní Èkó, wá sílé wá bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ tọrọ àforíjì, pé ọ̀rọ̀ ilé onílé kì í ṣe tiwa. Ó kọ̀ jálẹ̀.

"Mo ti gbọ́ èékánná lára ùlẹ̀kùn," ló sọ fún ọmọ rẹ̀. "Mi ò tún fẹ́ gbọ́ ọ mọ́ láyé mi."

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ka èyí, ẹ mọ̀ pé mo gbọ́ ìtàn yìí, mo mọ̀ ọ́n lórí, mo sì tún ṣe ohun tí mo ṣe.

Iyè Ìyé bẹ̀rẹ̀ sí í rá díẹ̀díẹ̀. Ó fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó pè mí ní orúkọ màmá mi. Mo ń tọ́jú àwọn arúgbó mìíràn tó ní irú rẹ̀, mo mọ ibi tó ń lọ, ìmọ̀ yẹn kò sì ràn mí lọ́wọ́ rárá. Lẹ́yìn náà ló wá di pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, yóò gbé bàkẹ́tì, yóò fi kànhìnkànhìn sínú rẹ̀, yóò jáde, kí n tó wẹ̀ tán. Àwọn tó ti wẹ̀ rí ló ń wá lọ. Púpọ̀ nínú wọn sì ti wà nínú ilẹ̀.

Ilé Bàbá Tísà ló kọ́kọ́ lọ. Bàbá Tísà ti kú láti ọdún mẹ́jọ. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó bá Ìyé lẹ́nu ọ̀nà, ìrì ti rin ẹsẹ̀ rẹ̀, bàkẹ́tì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé ìròyìn ti parí?" ni Ìyé wí. "Mo wá wẹ Bàbá." Igbe tí obìnrin náà ké, mo gbọ́ ọ láti ilé wa. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ara ọmọ rẹ̀ gbóná. Ibà ni. Èmi fúnra mi ni mo yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, èmi ni mo fún un lóògùn, ara ọmọ sì yá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu ọjà: ìyá arúgbó kan ń wá òkú kiri láàárọ̀, ọmọdé sì ń ṣàìsàn nílé tó bá wọ̀. Bí mo bá dé ẹnu ẹ̀rọ omi, ọ̀rọ̀ á dáwọ́ dúró. Kò sẹ́ni tó pe Ìyé ní àjẹ́ sétí mi. Ọlọ́kadà kan tó máa ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ ló la ọ̀rọ̀ náà fún mi, ó sì rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kó tó sọ ọ́.

"Nọ́ọ̀sì," ló ní, "ẹ mú ìyá yín mọ́ ulé o. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é kò ní wá sọ fún yín."

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò sùn dáadáa mọ́. Mo mọ ohun tí wọ́n ti fi ojú àwọn ìyá arúgbó rí nítorí orúkọ yẹn. Yàtọ̀ sí èyí, títì Adó kò jìnnà sí wa, àwọn tírélà kì í sì í dẹ eré níbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Bùsúyì pè láti Èkó. Ó ní òun ti gbọ́. Kò bi mí bí Ìyé ṣe wà. Ó ní, "Bí nǹkan bá ṣe ìyá mi, ọwọ́ rẹ ni n ó ti béèrè rẹ̀." Ọjọ́ kejì ni mo ra àgádágodo.

N ó gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un, n ó gbé omi, n ó gbé póò, n ó tan rédíò, n ó fa ilẹ̀kùn mọ́ra, n ó sì tẹ àgádágodo náà kó má baà ró. Mo fi ara pamọ́ fún ìyá mi bí olè. Ní ibi iṣẹ́, ẹ̀rù kò dín, ńṣe ló bímọ: bí iná bá jó ilé ńkọ́? Bó bá ṣubú ńkọ́? Mò ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn, tèmi ló ga jù.

Lọ́jọ́ kan, mo padà dé ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Mo bá Ìyá Ráfíà, aládùúgbò wa tó ń ta epo pupa, lórí ilẹ̀ lábẹ́ fèrèsé wa. Ó ti na apá rẹ̀ sókè gba inú irin fèrèsé kọjá, ọwọ́ kan sì dì í mú láti inú.

"Láti àárọ̀ ni mo ti wà níbí," Ìyá Ráfíà wí. Kò wo ojú mi. "Wọn è jẹ́ kí n lọ kírun. Ṣí ùlẹ̀kùn yí, Àbẹ̀kẹ́. Nítorí Ọlọ́run, ṣí i."

Kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Ìyé ti rìn wá pàdé mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìró rẹ̀ tutù. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì wú, wọ́n pọ́n, èékánná kan sì ti ya. Ó gbé bàkẹ́tì rẹ̀ mọ́ àyà. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì purọ́. Mo ní, "Ìyé, ẹ má bínú, afẹ́fẹ́ ló ti ilẹ̀kùn."

"Afẹ́fẹ́," ló wí. "Afẹ́fẹ́ yìí mà ní kọ́kọ́rọ́ o."

Mo wólẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Ó jẹ́ kí n sunkún tán. Iyè rẹ̀ pé ní ìrọ̀lẹ́ yẹn ju bó ṣe ti pé láti oṣù mélòó kan lọ. Ó ní òun mọ̀ pé nǹkan ń bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó ní nígbà mìíràn òun máa ń jí, òun ò mọ ọdún tí a wà, ẹ̀rù a sì ba òun tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bàkẹ́tì nìkan ni òun mọ̀ nínú gbogbo ohun tó wà ní yàrá. Òun á wá gbé e, torí ẹni tó bá gbé bàkẹ́tì ní ibi tó ń lọ.

"Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀rù ń ba ùwọ náà," ló wí. "Ṣùgbọ́n nínú àwa méjèèjì, ọwọ́ rẹ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Bí o bá fẹ́ tì í, bi mí. Bí mo bá ní tì í, tì í. Bí mo bá ní rárá, má tì í."

"Bí ọkọ̀ bá wá gbá yín ńkọ́, Ìyé?"

"A jẹ́ pé ó gbá mi nìyẹn," ló wí. "Kò ní jẹ́ ùwọ lo wà á."

Bí a ṣe wá ń ṣe é nìyẹn. Láàárọ̀, n ó bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀, n ó bi í pé ta ló fẹ́ lọ wẹ̀ lónìí. Bó bá dárúkọ òkú, mi ò ní sọ fún un pé ẹni náà ti kú, torí ìgbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́, ó ṣọ̀fọ̀ lákọ̀tun. N ó ní kó sọ irú ẹni tí onítọ̀hún jẹ́ fún mi. Yóò sọ, yóò sọ, yóò rẹ́rìn-ín, bàkẹ́tì yóò sì kúrò lórí itan rẹ̀. Orúnkún Ìyá Ráfíà ń dùn ún, kò lè bẹ̀rẹ̀ kan ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́. Òun ló wá sọ lọ́jọ́ kan pé kí Ìyé máa bá òun wẹ ẹsẹ̀, kó lè ṣàlùwàlá pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ló bá di iṣẹ́. Ìyé yóò sọdá, Ìyá Ráfíà yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, gbogbo ẹni tó ń kọjá yóò rí Mùsùlùmí tó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé ẹni tí wọ́n ń sá fún lọ́wọ́. Àwọn kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í kí wa. Àwọn kan kò kí wa títí dòní.

Ọjọ́ mìíràn wà tí Ìyé fúnra rẹ̀ yóò ní, "Tì í. Òní è dára." Bí mo bá tì í, n ó fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ Ìyá Ráfíà. Bọ̀ọ̀dá Bùsúyì yóò pè ní aago mẹ́jọ, yóò ní, "Ṣé o ti tì í?" N ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ì báà ti jẹ́ pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mi ò láyà láti sọ òótọ́ fún un.

Àárọ̀ ọjọ́ tí Ìyé fi wá sílẹ̀, ọyẹ́ mú, kùrukùru bo títì, a kò rí ìdajì òkúta Olósùnta. Àyà mi já láti orí ibùsùn. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ní, "Ìyé, ṣé kí n tì í lónìí?" Ó ní rárá. Mo ní ọkọ̀ kò ní rí i nínú kùrukùru. Ó ní ilé Ìyá Ráfíà kò sí lórí títì. Mo tún bẹ̀ ẹ́, mo ní lónìí nìkan.

"O bi mí," ló wí, "mo sì ti dá ọ lóhùn."

Mo ju àgádágodo sínú báàgì mi, mo lọ síbi iṣẹ́. Kò tíì tó aago mẹ́wàá tí Ìyá Ráfíà pè. Ìyé ti wẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó ti nù ún, ó ti fi òrí pa á. Ó béèrè bóyá kí àwọn bọ́ sí ti òsì. Ìyá Ráfíà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyé wá gbé orí lé e lórúnkún bí ẹni tó fẹ́ sinmi díẹ̀. Kò gbé e kúrò mọ́.

Bọ̀ọ̀dá Bùsúyì dé kí ọjọ́ tó rọ̀. Ó wọlé, ó lọ wo ìyá rẹ̀ nínú yàrá, ó jáde wá sí pálọ̀ níbi tí gbogbo wa jókòó sí. Wọ́n ti sọ fún un pé níta ló kú sí. Ojú rẹ̀ pọ́n kankan. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ta ló ṣílẹ̀kùn fún ìyá mi?"

Mo rí Ìyá Ráfíà tó la ẹnu. Mo mọ̀ pé òun ló fẹ́ gbà á sórí ara rẹ̀ fún mi, mo sì mọ̀ pé bó bá ti sọ ọ́, n ó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ títí n ó fi kú. Mo dìde kó tó sọ ọ́.

"Èmi ni, sà," mo wí. "Mo bi wọ́n bóyá kí n tì í. Wọ́n ní rárá."

Ó ń bọ̀ sọ́dọ̀ mi. Mo rò pé yóò gbá mi létí, mo di ojú mi, mo dúró. Nǹkan kan kò bà mí. Nígbà tí mo lajú, ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi, àgbà ọkùnrin, ó fi ọwọ́ bo ojú, ó ń sọ̀rọ̀ sínú ọwọ́ náà.

"Èmi è bi wọ́n rí," ló ń wí. "Gbogbo ohun tí mo ṣe fún wọn, èmi è bi wọ́n rí."